Ọjọ́ tí Mo Sọ Pé Mi Ò Lè

Bàbá mi tí mi ò rí pè mọ́,

Òjò ń rọ̀ ní Ọ̀kà láti àárọ̀. Oníbàárà kankan kò wá, mo sì ti ti maṣíìnì ìránṣọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ráyè gbé ìwé lé orí tábìlì. Nígbà tí ẹ wà láyé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún yín. Ta ni yóò ka èyí fún yín níbi tí ẹ wà? Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò rí ẹlòmíràn bá sọ, tí n kò bá sì sọ ọ́ fún yín, ara mi ò ní balẹ̀.

Bàbá, mo lọ sí Ìkàrẹ́, mo jókòó níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo sì sọ pé mi ò lè. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí. Láti ìgbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì, kí n tó gbọ́njú, ẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí mi. Bí àlejò bá wọlé tó rí mi nílẹ̀, tó ní, "Ó mà ṣe o," ojú yín á yí padà. Ẹ á ní, "Kí ló ṣe? Ọmọ tèmi ń ṣe nǹkan gbogbo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é." Bí èmi fúnra mi bá fẹ́ ráhùn, ẹ á ní, "Má sọ pé o ò lè. Sọ pé o ò tíì ṣe é tán." Lẹ́yìn náà, ẹ á mú ayùn, ẹ á mú òòlù, ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí nǹkan náà yóò fi rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ mọ ààrò sílẹ̀ débi tí ọwọ́ mi á fi tó o. Ẹ kan ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri kí n lè máa fi ìkòkò kọ́. Ẹ so okùn ọ̀rá mọ́ ògiri balùwẹ̀ kí n lè dì í mú bí mo bá fẹ́ dìde. Màmá wa ti kú nígbà tí wọ́n bí Káyọ̀dé àbúrò mi, kò sí obìnrin nílé tó máa kọ́ mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè, ẹ̀yin tí iyọ̀ kì í tó nínú ọbẹ̀ yín rárá.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Èjìká mi tí mo ti fi ń gbé ara mi lórí ọ̀pá abíyá láti kékeré ti gbó. Bí mo bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á dà bí ẹni pé wọ́n ń fa iṣan rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ òsì tó máa ń gbè mí díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú pátápátá. Dókítà ní bó ṣe máa ń ṣe àwọn tí àrùn yẹn mú ní kékeré nìyẹn, pé bí wọ́n bá ń dàgbà, agbára tí wọ́n ti ń fi tipátipá lò á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ tí mò ń yí, mi ò lè yí i pẹ́ mọ́. Aṣọ tí mo bá ní kí wọ́n wá gbà ní Sátidé, Sátidé míì á bá a lórí tábìlì. Àwọn oníbàárà mi ní sùúrù, àmọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó kì í ní sùúrù. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣì ń kí mi lójú ọ̀nà, "Àǹtí Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o."

Lẹ́yìn náà ni okùn balùwẹ̀ já. Ó ti gbó, èmi ò sì fura. Mo ṣubú sórí sìmẹ́ńtì, ọṣẹ wà lójú mi, mi ò lè dìde. Màmá Nọ́ọ̀sì ló gbọ́ igbe mi. Ẹ kò mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ikú yín ni wọ́n wá gba ilé tó wà lẹ́yìn tiwa. Opó ni wọ́n, ọmọ Ọ̀kà náà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n nù mí gbẹ. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Àwọn náà ni wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba fẹ́ ṣe ìrànwọ́ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, pé wọ́n á máa fún wọn ní nǹkan lóṣooṣù, ẹnì kan á sì máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nílé. Ṣùgbọ́n wọn ò ní mú gbogbo ènìyàn. Wọ́n á pe kálukú wá sí gbọ̀ngán kan ní Ìkàrẹ́, wọ́n á bi í léèrè bó ṣe ń ṣe nǹkan ojoojúmọ́. Báwo ló ṣe ń dáná? Báwo ló ṣe ń wẹ̀? Aṣọ wíwọ̀ ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá rí i pé kò lè dá wọn ṣe ni wọ́n máa mú.

Ẹ ò rí nǹkan, Bàbá? Gbogbo ohun tí ẹ fi ayé yín kọ́ mi láti ṣe, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ kí n wá sọ pé mi ò lè ṣe.

Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí a múra sílẹ̀, nítorí àwọn mọ irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ènìyàn. Wọ́n wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó kojú mi.

"Ṣé o máa ń dá wẹ̀?"

"Mo máa ń dá wẹ̀, mà."

"Báwo?"

"Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wẹ̀ náà ni, mà."

Wọ́n wò mí títí. "Dìde. Wá fi hàn mí."

Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé balùwẹ̀, aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo gbé ọ̀pá ti ògiri, mo sọ ara mi kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo fi ìdí wọ́ dé ìdí garawa. Omi tí kò ju ìsàlẹ̀ garawa lọ nìkan ni mo lè fà, torí náà òun nìkan ni mo máa ń pọn. Ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn mọ́. Láti dìde, mo ní láti rákò dé ẹnu ọ̀nà, kí n di férémù mú, kí n sinmi, kí n tún dì í mú. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tí mo dìde tán, ara mi ń gbọ̀n, òógùn ti bò mí, mi ò sì tíì fi omi kan ara.

"Ojoojúmọ́ lo máa ń ṣe èyí?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?"

Mo sọ fún wọn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí fún yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ní ìtìjú díẹ̀ lójú yín.

Wọ́n kọjá lọ sídìí ààrò, wọ́n wo eérú tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo jẹ lánàá. Mo ní gàrí. Wọ́n ní ìjẹta ńkọ́. Mo ní gàrí. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé gàrí tútù ló wù mí nínú oòrùn yìí, ni Màmá Nọ́ọ̀sì bá yí padà sí mi, wọ́n fi ẹnu Ọ̀kà wa bá mi wí, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí. Wọ́n ní kì í ṣe pé mo lè ṣe nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ní ìyà rẹ̀ ni mò ń jẹ, tí mo wá ń pè é ní lílè.

Inú bí mi sí wọn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n wọ ilé yín wá bú yín. Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mò ń bá wọn jà nínú ọkàn mi, àmọ́ mi ò rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ tí kì í ṣe òótọ́.

Káyọ̀dé ni tirẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló gbé e gbà. Ẹ mọ̀ pé mẹkáníìkì ni ní Ìkàrẹ́ báyìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ó máa ń wá wò mí ní ọjọ́ Àìkú. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n pè mí, ó wá ní ọ̀sán, kò tilẹ̀ jókòó.

"Àǹtí mi, ẹ fi ọ̀pá yín sílé lọ́la. Èmi ni màá pọ̀n yín wọlé. Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ rọra máa mirí. Ẹ ní ẹ ò lè jẹun fúnra yín, pé èmi ni mò ń fi ṣíbí fún yín. Ẹ ní ẹ ò lè wẹ̀ rárá."

"Káyọ̀dé, ìwọ lò ń fi ṣíbí fún mi?"

"Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Ẹni tó bá lọ sọ òótọ́ níbẹ̀, òfo ló máa gbé bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra yín, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́. Kí nìdí tí kò fi ní gbà á gbọ́? Bó bá ti di ọjọ́ Àìkú, màá ti wọ aṣọ tó mọ́ láti òru, màá ti jókòó sídìí maṣíìnì kó tó dé, èmi ni màá tún bi í bóyá ó ti jẹun.

"Mi ò ní purọ́ mọ́ ara mi," mo dá a lóhùn. "Ọmọ Bàbá ni mí."

"Bàbá ti kú, Àǹtí mi! Ẹ̀yin lẹ wà láyé!"

Ó jáde.

Ní ọjọ́ kejì, ó yá mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbé mi. A gba Àkùngbá kọjá. Nígbà tí a dé gbọ̀ngán náà, àtẹ̀gùn ló wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àtẹ̀gùn gíga, níbi tí wọ́n pe àwọn tí kò lè rìn sí. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ̀. Mo fi ọ̀pá mi gùn ún, mò ń sinmi, mò ń gùn ún, títí mo fi dé òkè. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan lójú fèrèsé tó ń wò mí, tí báàjì ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀.

Inú gbọ̀ngán kún. Ọmọbìnrin kan tí kò ríran jókòó tì mí, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì Àkùngbá, ó sọ pé Ọ̀ṣun ni ilé àwọn. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. "Ẹ̀rù kẹ̀, mà? Kò sí nǹkan tí mi ò lè ṣe." Wọ́n pè é wọlé, kò pẹ́ tó fi jáde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí.

Ọkùnrin ojú fèrèsé yẹn ló jókòó sí ìdí tábìlì. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káyọ̀dé dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Mo rí i pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gun àtẹ̀gùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ẹ máa ń dáná?"

Bàbá, mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Mo máa ń dáná, sà."

"Ìwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo máa ń wẹ̀, sà."

"Ẹ máa ń dá wọṣọ?"

"Èmi ni mò ń rán an, sà, èmi náà ni mò ń wọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé mò ń fi ẹnu ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, àmọ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu mi, Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa ní kí ẹ dákẹ́.

Ọkùnrin náà ti fẹ́ ní kí n máa lọ. Ni ọ̀dọ́bìnrin yẹn, tí kò tíì sọ̀rọ̀, bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, oúnjẹ wo lẹ sè kẹ́yìn?"

Mo la ẹnu. Mi ò rántí. Mo wá a nínú orí mi títí, mi ò rántí ìgbà tí mo dá iná kẹ́yìn. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi, ó kéré gan-an: "Mi ò lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná mọ́."

Èyí àkọ́kọ́ ló nira. Lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ni àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e. Mi ò lè pọn omi kún garawa. Mi ò lè fọ ẹ̀yìn mi. Mi ò lè fọ aṣọ kí n sì fún omi kúrò lára rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe ń rákò ní balùwẹ̀. Mo sọ nípa ọjọ́ kan tí mi ò tètè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí mo jókòó sínú ẹ̀gbin títí oòrùn fi wọ̀, nítorí kò sí omi nínú ilé. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà. Káyọ̀dé wá, ó kan ilẹ̀kùn, mo sì ké sí i láti inú ilé pé oorun ni mò ń sùn, kó máa lọ.

Mo gbọ́ tó ní, "Jésù," lẹ́yìn mi, bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Irọ́ tí ó ní kí n pa, kò tó òótọ́ mi.

Ọkùnrin náà ti fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń ràn yín lọ́wọ́ nílé, mà?" Mo mọ̀ pé àbúrò mi wà níbẹ̀. Mo ní, "Kò sí, sà."

Nígbà tí à ń bọ̀, a kọjá Àkùngbá tán kí Káyọ̀dé tó dá mọ́tò dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbé orí lé ọwọ́ lórí sítíárì. "Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ó ń bi mí bẹ́ẹ̀ léraléra, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ bínú sí i pé kò la ojú rẹ̀ kó rí i. Ṣùgbọ́n kí ló máa rí, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo agbára mi ni mo fi ń bò ó? Mo ní, "Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀, Káyọ̀dé."

Bàbá, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú nípa ìgbẹ̀yìn yín. Ẹ máa ń gbé àdá lówùúrọ̀, ẹ ní ẹ ń lọ sí oko ọ̀nà Ìkun. Bí ẹ bá dé, ẹ á ní iṣu ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a dé oko, a bá igbó. Kò sí iṣu kankan níbẹ̀. Ẹnì kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló sọ fún wa pé abẹ́ igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lẹ máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ṣé ó ń dùn yín? Níbo ló ń dùn yín? Ta lẹ ń bò ó fún? Tó bá jẹ́ èmi, Bàbá, ṣé ẹ rò pé bí ẹ bá sọ pé ẹ ò lè mọ́, èmi náà á wó lulẹ̀? Bí ẹ bá ti sọ ọ́, bóyá à bá ti gbé yín dé ilé ìwòsàn. Bóyá ẹ̀ bá ṣì wà láyé. Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Orúkọ mi jáde. Màmá Nọ́ọ̀sì ló mú ìròyìn náà wá, wọ́n ń jó láti ẹnu géètì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé orí lé maṣíìnì, mo sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ó jọ ayọ̀, àmọ́ ó tún dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sin nǹkan. Orúkọ ọmọbìnrin Àkùngbá yẹn kò jáde. Màmá Nọ́ọ̀sì ló bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀rín yẹn? Ta ni yóò bi í ní ohun tó jẹ lánàá?

Ẹni tí wọ́n ní yóò máa wá ràn mí lọ́wọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ bí ara mi yóò ṣe gbà á kí àlejò máa bọ́ aṣọ lọ́rùn mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, Káyọ̀dé wá ní àárọ̀, ó ká sòkòtò sókè, ó ní òun fẹ́ fọ aṣọ mi. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wò ó. Bàbá, bí ẹni ń fọ ẹ́ńjìnnì ló ṣe ń fọ̀ ọ́! Ó lọ́ gáùn aláwọ̀ mílíìkì mi títí bọ́tìnnì méjì fi já. Ọṣẹ ṣì wà lára gáùn náà tó fi sá a. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi: gbé e wá, mo lè ṣe é. Mo gbé e mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wọ gáùn náà. Káyọ̀dé wá láti gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró níwájú mi bí ọmọ tó ń retí máàkì.

"Ṣé ó mọ́, Àǹtí mi?"

"Ara rẹ̀ mọ́. Kọ́là rẹ̀ ò mọ́."

Kò bínú. Ó lọ bu omi sínú ife, ó ti ánkáṣíìfù rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu kọ́là náà lọ́rùn mi, jẹ́jẹ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù. Omi tútù ń ṣàn wọ ẹ̀yìn mi. Mo tẹ orí síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibi tó yẹ, mo sì jẹ́ kó ṣe é tán.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Bí ó bá ń dùn yín níbẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí di òní.